Kòkànyín Ń Rọbí

Amos Ọlábímtán, télọ̀ tó ń rán aṣọ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ Ìlobùú, kì í ṣe ahun. Ẹni tó bá pè é láhun, irọ́ ló pa. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni pé kò lè rí nǹkan kó má wọ̀n ọ́n. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ì báà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wọn ilẹ̀kùn ilé àna rẹ̀ lọ́jọ́ ìdána, ó ní ó fi ínṣì méjì wọ́. Síbẹ̀ wọ́n fún un níyàwó, ẹ bá mi wo ọ̀ràn.

Lọ́dún 1956 ló lọ ra òwú ní Òṣogbo, tó gbọ́ lẹ́nu asọ̀rọ̀mágbèsì pé ìjọba ti ka bọ́jẹ́ẹ̀tì wọn: iye tí wọn yóò ná sórí ọ̀nà, iye tí wọn yóò ná sórí ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó ra ìwé ìkọ̀wé kan, ó délé, ó ní kí Ọláṣùmbọ̀ ìyàwó rẹ̀ jókòó, òun alára dìde dúró, ó sì ka bọ́jẹ́ẹ̀tì ilé wọn sí i létí. Ṣílè kan fún epo máṣíìnì. Ṣílè mẹ́wàá fún ìró Ọláṣùmbọ̀. Ṣílè méje àti sísì fún dókítà, torí ajá wọn lóyún.

"Dókítà ta?" ni Ọláṣùmbọ̀ bi í.

"Ti ajá."

Ọláṣùmbọ̀ náà dìde dúró. Ó ní òun bí ọmọ mẹ́ta nínú ilé yìí, ẹnikẹ́ni ò kọ òun sínú ìwé rí.

"Nígbà yẹn," ni Amos wí, "bọ́jẹ́ẹ̀tì ò tíì dáyé."

Ẹ jẹ́ n sọ bí ajá náà ṣe jórúkọ. Bàbá Yésúfù, tó ń ra kòkó, ló ń gbé ilé kejì. Àgbàlagbà dáadáa ni, kì í fi ìrun rẹ̀ ṣeré, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn àtimáa tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Amos ra máṣíìnì, baba ní, "Eélòó ni wọ́n tà á?" Amos gbéyàwó, baba ní, "Eélòó lowó orí ẹ̀?" Lọ́jọ́ tí Amos gbé ọmọ ajá kan dé, baba ò jẹ́ kó gbé e wọlé tó fi béèrè. Orí Amos gbóná. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a máa ń fi orúkọ ajá fèsì fún aládùúgbò. "Kò kàn ọ́" ló wà lọ́kàn rẹ̀, àmọ́ baba náà dàgbà ju bàbá tó bí i lọ. Ta ni yóò wo ojú irú àgbà bẹ́ẹ̀, tí yóò wí pé "kò kàn ọ́"? Ó sọ ajá náà ní Kòkànyín. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi bú baba.

Ọ̀rọ̀ náà yé baba. Ọdún méjì gbáko ni kò fi tẹ àgbàlá Amos. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í nípa orúkọ ajá ilé kejì, á ní òun ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n lájá.

Amos fẹ́ràn ajá náà kọjá ààlà. Abẹ́ máṣíìnì ló ń sùn, kò sí aṣọ tí Amos rán tí irun rẹ̀ ò sí lára ẹ̀. Nígbà tó lóyún, Amos ń fi téèpù wọn ikùn rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó kọjá ọgbọ̀n ínṣì, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Ajá gìrìwò kan ní Ìfọ́n, ti Adéjọbí ọdẹ, ló fún un lóyún. Amos mú ìwé rẹ̀, ó di Ìfọ́n. Ó ní kí Adéjọbí dá ìdajì owó dókítà, torí òun ni bàbá ọkọ.

Adéjọbí béèrè pé ibo ni wọ́n ti ṣe é. Amos ní ìdí igi arère tó wà láàárín oko ni. Inú Adéjọbí dùn. Ó ní bí Amos bá lè kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i, pé ilẹ̀ Ìfọ́n ni ìdí arère yẹn, òun yóò san gbogbo owó náà, òun yóò tún fi adìẹ kan lé e. Láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni Ìlobùú àti Ìfọ́n ti ń fa ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Amos wo pẹ́ńsùlù tí wọ́n nà sí i, ó rántí ojú àwọn àgbà Ìlobùú, ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, Kòkànyín bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Oòrùn yọ, oòrùn mú, ọmọ kan ò jáde. Ọláṣùmbọ̀, tó bínú sí bọ́jẹ́ẹ̀tì, òun náà ló kúnlẹ̀ tó ń fi òróró pa ikùn rẹ̀. "Bàbá Dúró," ó ké sí ọkọ rẹ̀, "ajá yìí ń kú lọ o."

Ibẹ̀ ni Bàbá Yésúfù ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá. "Kí ló ṣe é?"

Amos dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bí ikùn rẹ̀ ṣe tó, iye tí òun rà á, iye tí òun kó pamọ́ fún dókítà. Ọdún méjì ni baba ti ń retí ìdáhùn yìí, kò sì jọ pé ó gbádùn rẹ̀ mọ́.

"Ṣílè mẹ́fà lo rà á?" ó ní. "Wọ́n rẹ́ ọ jẹ. Lọ gbé agbọ̀n obì mi wá."

Gbogbo ọkọ̀ ti lọ sọ́jà, Amos ò sì mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ló bá di pé Bàbá Yésúfù, tí kì í jẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ òun nítorí àlùwàlá, so agbọ̀n mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n tẹ́ Kòkànyín sínú rẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó, ó sì kọrí sí Òṣogbo. Amos ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ kan lórí agbọ̀n, téèpù ń fì lọ́rùn. Ní Ẹ̀rìn, àwọn obìnrin tó ń ta iṣu gbọ́ ìkérora lábẹ́ aṣọ, wọ́n dìde, wọ́n ń wúre: "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o!" Amos ń ṣe àmín tẹkúntẹkún. Baba náà ti ṣe àmín tirẹ̀ kó tó rántí ẹni tí wọ́n ń wúre fún.

Ní ọ́fíìsì dókítà ẹran, akọ̀wé kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ṣí ìwé ńlá.

"Ajá ta ni?"

"Tèmi ni, sà. Amos Ọlábímtán, láti Ìlobùú."

"Kí lorúkọ ajá?"

"Kòkànyín, sà."

Akọ̀wé gbójú sókè. "Kí lẹ wí?"

"Mo ní Kòkànyín, sà."

Akọ̀wé fi kálámù sílẹ̀. Ó ní òun ti rí ìwọ̀sí nínú iṣẹ́ yìí, màlúù ti ta òun nípàá, ṣùgbọ́n màlúù ò la ẹnu bú òun rí. Ó ní kí Amos lọ jókòó sẹ́yìn gbogbo àwọn tó kó ewúrẹ́ wá. Ó yẹ kí Amos parọ́, kó ní Bíńgò ni ajá ń jẹ́. Kò wá sí i lọ́kàn. "Ẹ má bínú, sà. Bí mo bá ní kò kàn yín, kì í ṣe pé kò kàn yín, ohun tí mo ń wí ni pé Kòkànyín ni." Bó ṣe ń ṣàlàyé ló ń bà á jẹ́ sí i. Ọ̀kan nínú àwọn elewúrẹ́ ní kí wọ́n tì í síta. Nínú agbọ̀n, ajá ò kérora mọ́.

Bàbá Yésúfù ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ì bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò dá a lẹ́bi. Ó wọlé, ó ṣí fìlà lórí.

"Ọmọ mi, orúkọ ẹ̀ nìyẹn lóòótọ́. Èmi ni wọ́n fi bú. Mo máa ń béèrè ohun tí ò kàn mí. Jọ̀ọ́, kọ ọ́ sílẹ̀, ajá ń kú lọ."

Akọ̀wé kọ ọ́, kò gbójú sókè mọ́. Ó ní ṣílè mẹ́tàdínlógún àti sísì ni. Amos san ṣílè méje àti sísì. Ó wá di ìdì kejì mú, owó ìró Ọláṣùmbọ̀, ó ń ráhùn pé ìjọba kì í mú owó ọ̀nà kọ́ ilé-ìwé.

"Amos!" ni baba pariwo mọ́ ọn. Ó san án.

Dókítà ní ọmọ àkọ́kọ́ ló há, orí rẹ̀ tóbi. "Ẹ má jẹ́ kó sùn," ó ní. "Bó bá sùn, ó parí nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ kó máa pè é."

Amos la ẹnu, ohùn ò jáde. Eré àti ẹkún ti gbà á lọ́fun. Ó tún gbìyànjú, èémí lásán ni. Ó yíjú sí Bàbá Yésúfù, omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò.

Baba ká aṣọ sókè, ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì.

"Kòkànyín," ó pè é jẹ́ẹ́. Etí ajá mì.

"Ẹ pè é sókè, bàbá," ni dókítà wí.

"Kòkànyín! Kòkànyín o! Kòkànyín, má sùn, ọmọ mi!"

Ohùn rẹ̀ dé títì. Àwọn tó ń kọjá dúró, wọ́n ń wá ẹni tí arúgbó yìí ń bá jà. Ọ̀kan dáhùn láti ìta pé, "Bàbá, a ti gbọ́, à ń lọ." Baba ò gbọ́ ọ. Fìlà rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, òógùn bò ó. Ajá lajú, ó fi ikùn tì, dókítà fà á, ọmọ gìrìwò kan yọ, ó sì ké. Èkejì tẹ̀ lé e. Èkẹta náà jáde.

Ìgbà yẹn ni ohùn Amos padà. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba, ó la ẹnu láti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Baba gbọ́wọ́ dá a dúró.

"Dákẹ́, Amos. Èmi ló ń dá lóhùn."

Ó tún pe orúkọ náà, ọmọ kẹrin sì jáde.