Ọkọ Àbúrò Mi àti Ẹ̀rọ Tó Ń Ké

Bí mo bá rí ẹni tó dijú tó ń tẹ́tí, ọkọ àbúrò mi ni mo máa ń rántí. Ní Àyèká, òun ló ní ẹ̀rọ tó ń ké bí irin bá wà nínú ilẹ̀. Méjì ni. Ńlá ń gbọ́ ohun tó jìn, ṣùgbọ́n igbe kan náà ló ń ké fún gbogbo irin. Kékeré kì í gbọ́ jìnnà, àmọ́ ohùn rẹ̀ á nípọn fún ìṣó, á sì tín-ín-rín fún wúrà. Bí o bá bi í pé èwo ló dára jù, á ní: "Ilẹ̀ tó o fẹ́ wá ni kó o bi."

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, ló bá wá òrùka wúrà tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi gbé e níyàwó tì. Ó ní òun ò ní jẹun àfi tí a bá rí i. Ìṣó àti ìdérí ìgò ló kún ibẹ̀, nítorí náà kékeré ni àna wa gbé wá. Ohùn ìṣó nìkan là ń gbọ́, àfi bí ẹ̀gbọ́n mi bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, á ké tín-ín.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ ń da ẹ̀rọ láàmú," ni àna wa wí fún ẹ̀gbọ́n mi.

"Kí ni mo fi ṣe é?"

Àna wa dijú, ó tẹ́tí. "Màmá, kí lẹ so sí etí ìró yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi tú kókó náà. Òrùka ni. Òun fúnra rẹ̀ ló so ó síbẹ̀ kí ẹ̀gẹ́ má bàa bà á jẹ́.

Ẹ̀rín pa wá. Ó ní kí wọ́n gbé púpurú òun, oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, wá kíá, kí wọ́n bu ti àna náà.

Àna wa fọwọ́, ó ní: "Bó bá tún sọnù, Màmá, ìró yín ni n ó kọ́kọ́ bi."