Òwú Pupa Bàbá Mi àti Kọ̀ǹpútà Tó Kọ̀ Tí Kò Lajú

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Sátidé kan láyé náíńtíìsì. Oore ni mo fẹ́ ṣe bàbá mi o, àmọ́ díẹ̀ ló kù kí n mú un sunkún!

Màmá mi, ọmọ Ìwàrà, ti ṣaláìsí nígbà yẹn. Fọ́tò kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ó sì ti ń ṣá. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti Iléṣà, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, wá kí Bàbá, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ, pé òun ti ń gbàgbé bí ojú ìyàwó òun ṣe rí. Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí kò ní dùn ún?

Mo bá gbé fọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan l'Óṣogbo tó fi ẹ̀rọ dà á kọ sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwo pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà máa ń kà, ó sì mú un tóbi. Mo fi í sínú kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tí mo gbé sí pálọ̀ Bàbá l'Ọ́fàtẹ̀dó. Yéè! Ojú Màmá rí kàlákàlá, pupa níhìn-ín, àwọ̀ ewé lọ́hùn-ún. Bàbá béèrè pé ṣé ìyàwó òun rèé àbí egúngún. Ẹni tó ta kọ̀ǹpútà fún mi sọ pé agbára ibi tó ń gbé àwòrán jáde nínú ẹ̀ kéré, àfi kí n ra káàdì tó ń gbé àwòrán jáde sí i. Mo rà á.

Nígbà tí mo gbé káàdì yẹn dé, Bàbá wẹ̀, ó wọ bùbá funfun, ó dé fìlà, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ó ní àlejò òun ń bọ̀.

Mo tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, mo ti káàdì bọ àyè rẹ̀, mo tan án. Dúdú! Ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò! Mo sì ń gbọ́ tó ń kùn nínú o, iná iwájú rẹ̀ ń ṣẹ́jú.

Mo pa á, mo tún un tàn. Dúdú. Mo yọ káàdì, mo fi kílínà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ nu eyín irin tó fi ń wọ inú ẹ̀rọ, mo tì í padà. Dúdú. Mo yí bọ́tìnnì ìmọ́lẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ṣé kì í ṣe pé mo ti ba nǹkan olówó ńlá jẹ́ báyìí? Bàbá ò bá mi wí. Ó kàn ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ẹ̀yin ará, fìlà yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ó wá ní kí n ṣàlàyé fún òun, kí ni káàdì yìí ń ṣe gan-an. Mo ní ibi kan lẹ́yìn ẹ̀rọ ni àwòrán ń gbà jáde tẹ́lẹ̀, ibi káàdì tuntun ló máa gbà báyìí.

Ẹ rántí pé réluwé ni Bàbá ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yí ojú irin, kí ọkọ̀ lè bọ́ sí ọ̀nà tó yẹ ẹ́. Ó wò mí. Ó ní, "Fúnmi, o la ọ̀nà tuntun, ta ló wá yí irin síbẹ̀? Ibùdókọ̀ àtijọ́ lo ṣì ti ń retí ọkọ̀."

Ara mi bù máṣọ! Wáyà tó ti ojú kọ̀ǹpútà wá ṣì wà nínú ihò àtijọ́. Mo kúkú rí i láti àárọ̀ o! Àmọ́ Bàbá fúnra rẹ̀ ló fi òwú pupa so ó mọ́bẹ̀, kí àwọn ọmọ-ọmọ má baà fà á yọ. Láti kékeré la sì ti mọ̀ nílé wa pé ohun tí Bàbá bá so òwú pupa mọ́, ì báà ṣe rédíò, ì báà ṣe àpótí, ọwọ́ ọmọ kankan ò gbọdọ̀ kàn án. Ìyá ọlọ́mọ méjì ni mí, òwú ṣì ń dẹ́rù bà mí!

Mo ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká má tú u." Ó ní, "Èmi tí mo so ó ńkọ́, ṣé mi ò jókòó síbí ni? O ò lẹ́nu láti bi mí?"

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tú. Mo gbé wáyà sí ihò tuntun, mo tan ẹ̀rọ. Ó lajú! Mo ti dísíkẹ́ẹ̀tì tó bá káàdì wá bọ inú ẹ̀rọ, kó lè mọ káàdì náà lò, lẹ́yìn náà mo ṣí fọ́tò.

Màmá mi rèé. Ilà ojú rẹ̀ rèé, èéjí rẹ̀ rèé, ẹ̀rín tó máa ń rín bí Bàbá bá ń bínú lásán.

Bàbá dé fìlà rẹ̀ padà. Ó ní, "Ìyá Fúnmi, o kú àtijọ́." Ó wá ní kí n lọ wo ìkòkò lórí iná.

Kò sí ìkòkò kankan lórí iná. Mo lọ wò ó.

Ìgbà tí mo padà wọlé, ó ti so òwú pupa mọ́ wáyà níbi tuntun.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà o, àmọ́ ẹ la ẹnu yín bi wọ́n. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni òwú pupa ti ilé yín, tí ẹ ò lè tú, tí ẹni tó so ó sì jókòó tì yín? Ẹ jẹ́ ká gbọ́. Bí ẹni náà bá ṣì wà láyé, ẹ kọ́kọ́ lọ bi í ná.