Obìnrin Bánígbé tí kò ké

Òórùn omi jafẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ó gba gbogbo yàrá tí wọ́n kó àwa tí a ń fún aláìsàn lóògùn oorun jọ sí, ní ilé ìwòsàn kan ní Ìfọ̀nyìn. Ọ̀gá obìnrin kan tó wá láti Àjàṣẹ́ ló ń kọ́ wa. Ó ní kí a má gbé gbogbo ìrora lé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lórí, kí a fi parasetamọ́ọ̀lù àti ketamíìnì díẹ̀ kún un, kí aláìsàn tó jí.

“Ẹ má dúró dìgbà tó bá ké o,” ó wí.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì ń fi í rẹ́rìn-ín nínú. Ta ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú?

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí wọ́n fi gbé obìnrin àgbẹ̀ kan dé láti Bánígbé. Ìfun rẹ̀ ti lu, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, èmi ni mo fún un lóògùn oorun. Àwọn oògùn àfikún yẹn wà nínú àpótí lẹ́yìn mi. N kò fọwọ́ kàn wọ́n.

Ìwọ náà ṣáà mọ̀ wá: obìnrin tó bá ké lórí ibùsùn, yẹ̀yẹ́ rẹ̀ á dé ọjà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló jókòó tì í nígbà tó jí.

“Ìyàwó wa, ṣé ó ń dùn ẹ́?” mo bi í.

“Sa va, kò sí nǹkan kan, dókítà,” ìyá ọkọ ló dáhùn. “Akin ni ìyàwó mi.”

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ìrora. Àṣé kò lè mí kanlẹ̀, kò sì lè wúkọ́, nítorí ìrora ojú abẹ náà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ibà dé, ó sì kú ní ọjọ́ karùn-ún. Nígbà tí a ń palẹ̀ ibùsùn rẹ̀ mọ́, mo rí etí ìró rẹ̀. Ó ti fi eyín jẹ ẹ́ títí ó fi lu.

“Èmi ni mo ní kó má ké,” ni ìyá ọkọ wí. “Ṣé èmi ni mo pa á, dókítà?”

Mo ká ìró náà, mo sì gbé e fún un.

Lónìí, èmi ni mò ń kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. N kì í béèrè ìrora lọ́wọ́ aláìsàn mọ́, “Ẹ wúkọ́ kí n rí i” ni mo máa ń wí. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi kò bá mi dákẹ́ rí. Ìyá náà ṣì máa ń pàdé mi lójú ọ̀nà Bánígbé, á kúnlẹ̀ kí mi, á dúpẹ́ ìtọ́jú. Títí dòní, n kò tíì sọ fún un pé oògùn wà nínú àpótí.