Ẹsẹ̀ Ọ̀tún ní Ìdí Ilà

Ọdún méje gbáko ni mo fi ẹsẹ̀ òdì parí ìgbésẹ̀ mi, orúnkún ọ̀tún mi ló sì jìyà rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni àṣírí tú, ní gbọ̀ngàn bólíńgì kan ní Ring Road. Àwa tá a fẹ́ ṣojú ìpínlẹ̀ ń yí bọ́ọ̀lù ńlá lu igi mẹ́wàá tó tò sí ìpẹ̀kun pákó, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàṣàyàn jókòó, wọ́n ń wò wá. Mo gbé ìgbésẹ̀ márùn-ún mi bí ìṣe mi. Bí mo ṣe dé ìdí ilà tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ kọjá, orúnkún mi dún kọ̀ọ́, mo sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Bọ́ọ̀lù yí lọ sínú gọ́tà ẹ̀gbẹ́ pákó.

Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé Agbowó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé orí lẹ fẹ́ fi wó igi ni?" Nígbà tó rí i pé n kò dìde, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

Olùkọ́ wa, ìyá àgbàlagbà kan tó kọ́ wa níbẹ̀rẹ̀ kó tó kó lọ sí Abẹ́òkúta, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, lóṣòó tì mí.

"Ẹsẹ̀ wo lo fi bẹ̀rẹ̀?"

"Ọ̀tún ni, mà."

"Ìgbésẹ̀ márùn-ún, o fi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀? Ọ̀tún náà lo máa fi parí nìyẹn! Ọwọ́ ọ̀tún lo fi ń ju bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ òsì ló yẹ kó yọ̀ dé ìdí ilà. Ṣebí mo sọ fún yín pé òsì ni kẹ́ ẹ fi ṣíwájú?"

Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé kéú ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Òkè-Ògùn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún la fi ń wọ mọ́sálásí, òsì la fi ń wọ ilé ìgbẹ́. Tí mo bá ṣì í gbé, ìyá mi á dá mi padà sẹ́nu ọ̀nà. N kò lè fi òsì bẹ̀rẹ̀ ohun tí mo fẹ́ràn. Ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́.

Nígbà tí mo wá sọ ọ́, olùkọ́ wa mi orí. "Ká ní o sọ fún mi ni, ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni mi ò bá kọ́ ọ. Ọ̀tún lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, òsì lèèyàn fi ń parí ẹ̀."

Dókítà ní iṣan kan ti já nínú orúnkún náà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, akọ̀wé ìgbìmọ̀ pè mí. Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n fi rọ́pò mi, Ọjọ́bọ̀ sì ni ọkọ̀ máa gbéra lọ síbi ìdíje. Ní tèmi, tí dókítà bá fọwọ́ sí i pé mo lè rìn láìlo ọ̀pá, wọ́n á tún dán mi wò lẹ́yìn Iléyá. Tí kò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á yọ orúkọ mi kúrò pátápátá.