Obìnrin Tí Ẹgbẹ́ Alákàbà Fẹ́ Fi Ṣe Ẹlẹ́rìí

Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin náà fi wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kan ṣoṣo, kò gbá ewúrẹ́ rí. Àwọn ọmọ tó ń kó lọ kó bọ̀ ló sọ ọ́ ní Àǹtí Fèrè, torí tó bá ti dé iwájú ilé kan, fèrè ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Bí ọmọ ò bá tíì jáde, á tún tẹ ọ̀kan tó gùn bí èébú. Ẹnu rẹ̀ mú, kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Yàrá méjì ni òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń gbé, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lọ aṣọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan bì níwájú géètì ilé-ìwé, ara rẹ̀ gbóná, ó ń ké. Àǹtí Fèrè fi ìborí rẹ̀ wé e, ó gbé e wọ bọ́ọ̀sì, ó sì forí lé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó wà létí oríta. Kó tó débẹ̀, àwòrán rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀. Ẹnì kan ti yà á bó ṣe ń gbé ọmọ tó ń sunkún wọ ọkọ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ajọ́mọgbé rè é o! Iwájú ilé-ìwé ló ti gbé e. Ẹ bá wa pín in."

Wọ́n pín in lóòótọ́. Ní oríta, èrò dí ọ̀nà mọ́ ọn, òkúta fọ́ gíláàsì iwájú. Ó ń pariwo pé, "Ọmọ ilé-ìwé wa ni! Ara rẹ̀ ò yá!" Ọmọ náà dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń ké, ariwo yẹn gan-an ni wọ́n wá fi ṣe ẹ̀rí. "Ẹ ò gbọ́ bọ́mọ ṣe ń bẹ̀bẹ̀?" Wọ́n wọ́ ọ bọ́ sílẹ̀. Pákó ni ẹnì kan fi kán ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì tó sáré jáde tó sùn lé e lórí, òkú rẹ̀ ni wọn ì bá gbé nílẹ̀.

Ọwọ́ náà jinná, àmọ́ kò yí dáadáa mọ́. Ìyá onílé-ìwé, tó ń du ipò lábẹ́ ẹgbẹ́ alátakò, ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì.

"A mọ̀ pé o ò jẹ̀bi," ni ìyá náà wí, kò wo ojú rẹ̀. "Àmọ́ àwọn òbí ń bẹ̀rù, ìdìbò sì ti dé tán."

"Ọmọ wọn tí mo gbé lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Jọ̀ọ́, fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀."

Kò tíì pé oṣù kan tí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alákàbà nítorí àkàbà tó wà lára àsíá wọn, gbé àbá òfin kan jáde: ẹnikẹ́ni tó bá tan irọ́ kálẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára, ẹ̀wọ̀n. Ẹgbẹ́ alátakò ní rárá, àgádágodo ni ìjọba fẹ́ fi ti ìlú lẹ́nu. Alága ẹgbẹ́ Alákàbà fúnra rẹ̀ wá sílé Àǹtí Fèrè.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ ibi tó ti ń dùn wá," ló wí. "Ẹ wá sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ òfin náà wò. Irọ́ ì báà lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a."

Inú Àǹtí Fèrè dùn sí òfin náà. Ká má purọ́, ó ń wù ú kí ẹnì kan ṣẹ̀wọ̀n nítorí ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ alátakò gbọ́ pé ó máa sọ̀rọ̀, àwọn náà gbé tiwọn kiri fóònù: òṣèré tí wọ́n háyà ni, òwú lásán ló wé mọ́wọ́. Ìyẹn tún mú un bínú sí i.

Ó lọ gba ọ̀rọ̀ tó máa kà ní ilé ẹgbẹ́ Alákàbà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó dojú kọ ilé-ìwé. Nínú yàrá kejì lókè, èèyàn mẹ́rin dorí kọ fóònù, wáyà lọ́ mọ́ wáyà lórí tábìlì. Ọ̀kan nínú wọn ni ọkọ àbúrò rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Gbohùngbohùn torí pé bí alága bá sín, òun náà á sín. Níbi tí Àǹtí Fèrè ti ń dúró, ó yọjú lójú fèrèsé. Ó rí géètì, òpó iná tó tẹ̀, gọ́tà tó ya lẹ́nu, pátákó ẹni tó ń tún bàtà ṣe lápá òsì. Bó ṣe rí nínú àwòrán tí wọ́n fi pè é ní ajọ́mọgbé nìyẹn, kò yẹ̀ bí irun kan.

Ó yíjú padà sí Gbohùngbohùn. "Ìwọ lo yà mí?"

Gbohùngbohùn gbé fóònù sílẹ̀. "Àǹtí, iṣẹ́ ni. Alága ló ní ká wá nǹkan sọ nípa ilé-ìwé obìnrin alátakò yẹn kí ìdìbò tó dé."

"O mọ̀ pé èmi ni?"

"Mo mọ̀. Mi ò rò pé ó máa tó báyẹn."

"Nínú yàrá mi lo ti wá tọrọ àbúrò mi. Ìdọ̀bálẹ̀ lo wà, ìwọ aláìnítìjú yìí! Ìgbà tí wọ́n ń fi pákó lù mí, ò ń ka iye ẹni tó pín in!"

Alága wọlé, ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ká má gbé e dé ìta. Àǹtí Fèrè gba ìwé rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láìdágbére.

Lọ́jọ́ ìgbìmọ̀, gbọ̀ngàn kún. Ó ka ìlà kan, ó ká ìwé náà.

"Mo fẹ́ òfin yìí," ló wí. "Kí ẹni tó purọ́ mọ́ni jìyà. Àmọ́ ilé àwọn tó kọ ọ́ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lókè ilé ẹgbẹ́ Alákàbà ni wọ́n ti yà mí. Ọkọ àbúrò mi ló yà á, alága ló rán an."

Wọ́n pa ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Àwọn alátakò ń pàtẹ́wọ́, ìyá onílé-ìwé sì na ọwọ́ láti dì mọ́ ọn.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí! Òṣèré lẹ pè mí lánàá."

Àbá náà di òfin lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹni àkọ́kọ́ tí ọlọ́pàá torí rẹ̀ ránṣẹ́ pè ni Àǹtí Fèrè. Láti òwúrọ̀ ló ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kó tó kan án, oòrùn ti rọlẹ̀. Ọlọ́pàá fi fídíò ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, tó ti gba orí ayélujára, hàn án.

"Ẹ̀yin nìyí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀rí yín dà?"

"Ẹ pe ọkọ àbúrò mi."

Ọlọ́pàá ṣí fáìlì. "Ó ti kọ̀wé pé òun ò sí ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ sí i pé lóòótọ́ ni, ilé ló wà."

Ó wo ìbuwọ́lù náà. Òun ló kọ́ àbúrò rẹ̀ ní lẹ́tà wọ̀nyẹn, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú èédú. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ìyá rẹ̀ ló wá dúró fún un kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Wọ́n ní kó máa wá jẹ́pè lọ́jọọjọ́ Ajé. Gbohùngbohùn gba ipò akọ̀wé alága.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, àbúrò rẹ̀ dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n mi, nítorí àwọn ọmọ mi ni mo ṣe fọwọ́ sí i. Kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Jẹ́ kó wọlé," ni ìyá wọn bẹ̀bẹ̀. "Inú kan náà lẹ ti jáde."

"Ilé yín ni, ìyá mi, kó wọlé. Èmi ń lọ ní tèmi."

Ó mú bàtà rẹ̀, ó kọjá lára àbúrò rẹ̀ láìjẹ́ kí aṣọ wọn kanra, ó sì lọ síbi ọkọ̀ tó ń kó aṣọ ìdọ̀tí ilé ìwòsàn, èyí tó ń wà báyìí. Ọwọ́ òsì ló fi yí ọkọ̀ náà jáde.