Orúkọ Kẹtàdínlógún

Kùrukùru a máa bá wa wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní abúlé náà. Inú oko kòkó tó wà lẹ́yìn ilé ìsìn ni ó ti ń wá, a gba ojú fèrèsé wọlé, a sì rọra máa rìn láàárín àwọn bẹ́ńṣì bí àlejò tó ń wá ibi tí yóò jókòó sí, títí oòrùn yóò fi lé e jáde. Ọ̀dọ́bìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí ìjọba gbà mí síṣẹ́ olùkọ́, tí wọ́n sì gbé mi lọ síbẹ̀, abúlé kan tí kò jìnnà sí Ògòtún, láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti wá. Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà níbẹ̀ ní fáànù lókè, kọ̀ǹpútà la sì fi ń tọ́jú orúkọ ọmọ ìjọ. Mo gbé bírò aláwọ̀ mẹ́ta dání lọ sí abúlé, dúdú, búlúù àti pupa, mo sì rò pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló rán mi láti lọ bá wọn tún nǹkan ṣe.

Àwa tí à ń jọ́sìn níbẹ̀ kò pọ̀ ju ọgbọ̀n lọ. Pásítọ̀ wa ń dá oko iṣu. Bí ó bá gbé ọwọ́ sókè láti súre, èèpẹ̀ a máa wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Àgbà díákónì wa jẹ́ ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì. Obìnrin kan tó ń ṣe irun nítòsí ọjà ló ń darí orin. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn ju bí mo ti rí i ní ìjọ ńlá lọ, ṣùgbọ́n n kò kà á sí nígbà náà. Ohun tí mo ń kà sí ni pé wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ìsìn lásìkò.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìyá àgbà kan wà lórí bẹ́ńṣì náà, ẹni tó ń hun ẹní, tí gbogbo abúlé ń pè ní Màmá Ẹlẹ́ní. N kò tíì fìdí kan igi tán tí ẹni tó ń darí orin fi wá fọwọ́ kàn mí léjìká.

“Tíṣà, ẹ máa bọ̀ níwájú níbí.”

“Àyè wà níbí, mà.”

“Kò sí àyè níbẹ̀,” ló wí jẹ́jẹ́.

Mo wo ibi tí mo jókòó sí. Ènìyàn méjì ló lè gbà síbẹ̀ láìfara kan ara. Síbẹ̀, mo dìde. Màmá Ẹlẹ́ní rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó sì fi ọwọ́ nu orí igi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń nu ìjókòó fún ẹni tó ń bọ̀ wá jókòó.

Nígbà tí mo lo oṣù mẹ́ta láàárín wọn, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa pe orúkọ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ń pè, wọ́n ń dáhùn, “Mo wà níbí.” Nígbà tí mo dé orí orúkọ kẹtàdínlógún, orúkọ ọkùnrin ni, n kò sì ní kọ ọ́ síbí, Màmá Ẹlẹ́ní ló dáhùn. Ó ní, “Ó wà níbí.” Mo gbójú sókè láti wá ọkùnrin náà. Kò sí ọkùnrin kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó yíjú wò ó. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ Bíbélì wọn, mo sì fi bírò búlúù sàmì sí i pé ó wá.

Lẹ́yìn ìsìn, mo bi ẹni tó ń darí orin pé ta ni ọkùnrin náà.

“Ọmọ màmá ni.”

“Níbo ló wà?”

Ó wo ojú fèrèsé. “Tíṣà, ẹ ṣáà máa pè é.”

Mo tún lọ bá díákónì. Òun sọ díẹ̀ sí i. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti gba ọ̀nà aginjù lọ, pé ó fẹ́ lọ wá iṣẹ́ ní òkè òkun, ọdún kẹjọ rẹ̀ sì ni ìyẹn. “Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni,” ló wí. “Ìyá kò fẹ́ kí a máa sọ ọ́. Máa pè é, ọmọ mi.” Àwọn àgbà ní ohun tí àgbàlagbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Èmi ti gun orí igi tèmi, igi ọ̀hún ni ìwé ẹ̀rí yunifásítì.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí ohun tí n kò fẹ́ kíyè sí. Bí mo bá ti pe orúkọ yẹn, màmá kì í tètè dáhùn. A kọ́kọ́ tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́nu ẹni tó jókòó tì í, kí ó tó wí pé, “Ó wà níbí.” Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú ọyẹ́, ó dáhùn tán, ó yíjú sí àyè òfìfo náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì mi orí. Gbogbo irun ara mi dìde. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti dé orí orúkọ kẹrìndínlógún, n kì í gbójú sókè mọ́. Bí ó ṣe pé mo jẹ́wọ́ fún ẹnì kan pé ẹ̀rù ń bà mí, bóyá ọ̀ràn ìbá má dé ibi tó dé. Ṣùgbọ́n mo bo ẹ̀rù náà mọ́lẹ̀, mo fún un ní orúkọ rere, mo pè é ní òtítọ́. Mo ní a kò gbọdọ̀ máa purọ́ nínú ilé Ọlọ́run.

Nígbà tí ọdún yí, mo ra ìwé tuntun, mo da gbogbo orúkọ kọ sínú rẹ̀ pẹ̀lú rúlà, mo sì fo ti ọkùnrin náà. N kò bi ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú ọdún, mo pe orúkọ kẹrìndínlógún, mo sì kọjá sórí ẹni tó tẹ̀lé e, ẹni tó jẹ́ ìkejìdínlógún tẹ́lẹ̀. Ẹni náà kò dáhùn. Mo tún un pè. Màmá Ẹlẹ́ní dìde.

“Tíṣà, ẹ ti fo ẹnì kan.”

“Màmá, ẹ má bínú, ẹni tó bá wà níbí nìkan la ó máa pè.”

“Ta ló sọ fún ọ pé kò sí níbí?”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá tíṣà sọ̀rọ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo sì ju tèmi sílẹ̀ lójú gbogbo ìjọ. Mo ní, “Màmá, gbogbo wa la lójú. Àyè yẹn ṣófo.”

Ẹnì kan kérora lẹ́yìn. Màmá wò mí pẹ́. Ó kó Bíbélì rẹ̀ àti ìwé orin rẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì jáde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ kọjá, kí òun náà tó tẹ̀lé e sínú kùrukùru. Pásítọ̀ kò bá mi wí. Ó gbàdúrà gígùn kan, kò sì mẹ́nu bà mí nínú rẹ̀. Mo rò pé mo borí.

Àwọn ìyá ìjọ lọ kí i ní ọjọ́ Ajé. Ó ní ara òun le, pé òun fẹ́ lọ sí abà òun lọ gé koríko tí òun yóò fi hun ẹní. Nígbà tí wọn kò rí i láwọn ọjọ́ tó kù, abà ni wọ́n rò pé ó wà.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, kùrukùru náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi tan iná láàárọ̀. Bẹ́ńṣì kẹta ṣófo. Mo dìde, mo ń pe orúkọ, ohùn mi sì ń dún létí ara mi bíi ti ẹlòmíràn. Mo pe ẹni kẹrìndínlógún, ó dáhùn. Mo mí sínú láti pe ẹni tó kàn. N kò tíì la ẹnu.

“Mo wà níbí.”

Láti orí bẹ́ńṣì kẹta ni. Ohùn ọkùnrin ni, ohùn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ó ha, ó gbẹ, bí ohùn ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ fún ọjọ́ pípẹ́. Kò pariwo. Ó dáhùn bí gbogbo ènìyàn ṣe ń dáhùn.

Ìwé orin bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń darí orin. Díákónì, tí n kò rí i kí ẹ̀rù bà á rí, di ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀ mú. Kò sí ẹni tó sá, kò sì sí ẹni tó ké. Gbogbo wa ń wo àyè náà, kùrukùru ń rìn lórí rẹ̀, kò sì sí ohunkóhun níbẹ̀. Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó pa Bíbélì rẹ̀ dé.

“Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìyá wa,” ló wí. “Nísinsìnyí.”

Bí a ṣe tú síta nìyẹn láìkọ orin kankan, tọmọdé tàgbà, a tò tẹ̀lé ara wa nínú kùrukùru tó nípọn débi pé ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú nìkan ni ènìyàn ń rí. Kò sí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó tì mí sẹ́yìn. Ẹni tó ń darí orin di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí a dé ilé màmá, ilẹ̀kùn tì láti inú. Díákónì kan ilẹ̀kùn títí, kò sí èsì. Pásítọ̀ fi èjìká já a.

Orí ẹní tí kò tíì hun tán ni ó dùbúlẹ̀ sí. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ètè rẹ̀ ti là. Kò dé abà rárá. Ibà ló dá a dúró ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì ní agbára láti pe ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ díákónì la fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó gbà á sọ fún wa pé bí a bá ti dúró di ìrọ̀lẹ́, a kì bá ti bá a láàyè.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi dúró tì í. Ní ọjọ́ kẹta, ó la ojú, ó rí mi. Mo wólẹ̀ lórí eékún mi.

“Màmá, ẹ dárí jì mí.”

“Dìde. Mo ti dárí jì ọ́ kí n tó dé ulé lọ́jọ́ náà.”

Bí wọ́n ṣe ń pe ilé níbẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ fún mi.

“Mo mọ̀ pé ọmọ mi ti kú. Ọdún tó kúrò nílé gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ pè mí lórí fóònù. Omi ló tán lọ́wọ́ wọn. Ó ní ó lọ jókòó sábẹ́ ọkọ̀ kí oòrùn má pa á, kò sì dìde mọ́. Wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ. Tèmi kú, ó sì tún nù. Ẹni tó bá sin òkú rẹ̀ a mọ ibi tí yóò lọ dúró sí sunkún. Pásítọ̀ ló ní kí wọ́n máa pè é, kí n máa bá a dáhùn, pé kò sí ẹni tó sọnù lójú Ọlọ́run. Ibi tí wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀ yẹn ni sàréè rẹ̀, Tíṣà. O kò mọ̀ pé orí sàréè lo ń tẹ̀.”

Lẹ́yìn náà ó bèèrè pé ta ló sọ fún wa pé òun ń ṣàìsàn. Mo fẹ́ purọ́, èmi tí mo ti pariwo òtítọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò jẹ́ kí n lè purọ́. Mo sọ ohun tí a gbọ́ fún un. Kò bú sẹ́kún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

“Ṣé ohùn rẹ̀ gbẹ?”

“Ó gbẹ, mà.”

Ó yíjú sí ògiri.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti dá orúkọ kẹtàdínlógún padà sí àyè rẹ̀, mo sì ń pè é. Ohùn yẹn kò tún dáhùn mọ́. Màmá ló ń dáhùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ìgò omi kan ni ó máa ń gbé dání wá, a ṣí ìdérí rẹ̀, a sì gbé e sórí àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pásítọ̀ rí i, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ọdún mẹ́ta tí mo tún lò níbẹ̀, n kò wo ìgò náà rí lẹ́yìn ìsìn. Mo bẹ̀rù ohun tí mo lè rí.

Mo bi gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá òun ló sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ní àwọn kọ́. Kí n tó kúrò ní abúlé, mo bi Pásítọ̀ pé kí ló rò. Ó ní, “Tíṣà, mo ti bi Ọlọ́run léèrè, kò tíì dá mi lóhùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyá wa yè.”

Ìkẹ́rẹ́ ni mo wà báyìí, mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ. Ní òjò tó kọjá ni wọ́n pè mí pé Màmá Ẹlẹ́ní ti sùn. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo sì bá wọn da èèpẹ̀ sí i lórí. Àwọn ènìyàn tí mo sọ ìtàn yìí fún máa ń bi mí bóyá ẹ̀rù ohùn náà ṣì ń bà mí. Ó ti pẹ́ tó ti kúrò lára mi. Ọ̀dọ́bìnrin tó dìde láàárín ìjọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí ó dá a lójú pé òun mọ ẹni tó wà àti ẹni tí kò sí, òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí títí di òní.