Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Fi Ṣe Tábìlì

Ọgọ́rùn-ún dọ́là owó físà ni Káfíńtà fi wọ ìlú tí wọ́n ti bí i. Káàdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, àbúrò rẹ̀ Bíríkìlà ló bá a san án. Mo wà níbẹ̀, nítorí ọkọ̀ tí mo fi ń kó pákó tà la fi lọ pàdé rẹ̀, mi ò sì gba owó epo.

Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ti ilé ti kú tipẹ́. Ti òkè òkun, tó búra kó tó gbà, ló mú wá. Ó ní òun tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ ìlú ìbí òun sí fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń yẹ ìwé wò ní pápákọ̀. Ọmọ náà ní òun rí i, ṣùgbọ́n ìlà àlejò ni bàbá wà. Káfíńtà ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́. Ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ó ní níbi iṣẹ́ òun lọ́hùn-ún náà, bí ìsinmi bá ti dé, wọn a ní ìgbà wo lòun ń lọ sílé. Ó ní ó tó gẹ́. Yàrá òun ń bẹ nílé bàbá òun, ibẹ̀ lòun máa darúgbó sí.

Ojú títì ni Bíríkìlà ń wò.

A délé, wọ́n gbé àga tó dára jù fún un, wọ́n gbé oúnjẹ ka orí tábìlì gígùn kan tí wọ́n faṣọ bò. Ó ń jẹun lọ, ló bá dáwọ́ dúró. Ó ti ọwọ́ òsì bọ abẹ́ aṣọ, ó ń tọ etí pákó náà. Ó ká aṣọ kúrò. Ilẹ̀kùn ni. Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn kó tó lọ. Èmi ni mo ta pákó rẹ̀ fún un, irú rẹ̀ ò sí ní ìsọ̀ mi mọ́. Ibi tó gbẹ́ fún irin tó gbé e kọ́ ṣì wà níbẹ̀ ketekete.

Ó gbójú wo ibi tí yàrá náà wà tẹ́lẹ̀. Ògiri ti lọ. Wọ́n ti wó o pọ̀ mọ́ pálọ̀, inú rẹ̀ gan-an la jókòó sí.

Kò bínú, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ó kàn fa ọgọ́rùn-ún dọ́là tó jẹ àbúrò rẹ̀ yọ, èyí tó ti yà gbà ní báńkì lójú ọ̀nà.

"Ẹ fowó yín sápò, ẹ̀gbọ́n mi," ni Bíríkìlà wí. "A kì í gbowó lọ́wọ́ àlejò."

Mo ti rí ẹni tí olè kó nílé tán. Ojú onítọ̀hún ò rí bí ti Káfíńtà yìí.

Ìgbà tí Káfíńtà máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ta ló san owó òrùlé tuntun yìí?"

"Àwa ni."

"Èló ni tèmi níbẹ̀?"

Bíríkìlà wojú mi. Mo ní kó dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóhùn. Ló bá tú u sílẹ̀: páànù, kànga, iná, ìsìnkú ìyá wọn tí Káfíńtà kò lè wá nítorí ìwé tó ń dúró dè. Bó ti ń kà á ni ohùn rẹ̀ ń ga, àfi bí ẹni ń bá ọmọ ilé jà. Àròpọ̀ ìpín Káfíńtà lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là.

Káfíńtà ní kí ló dé tí ẹnìkan ò sọ fún òun.

"Ta ní í sin àlejò lówó?" ni Bíríkìlà bi í.

Káfíńtà ka ọgọ́rùn-ún náà sórí ilẹ̀kùn. "Yọ ìyẹn kúrò nínú rẹ̀."

Bíríkìlà kó o.

Káfíńtà ti san ìdajì gbèsè náà báyìí. Orí àga gígùn ní pálọ̀ ló ń sùn. Mo ṣírò pákó ilẹ̀kùn tuntun fún un, ó ní ti tẹ́lẹ̀ ṣì dára, kí Bíríkìlà sáà bá òun mọ ògiri padà. Bíríkìlà ní kó kọ́kọ́ san èyí tó kù.